Ìyá Ẹlẹ́ja ti Seyda Neen: bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣe di oṣù mẹ́ta

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé yìí kò tóbi rárá. Mo fẹ́ fi obìnrin kan kún àwọn ará inú gémù Morrowind: opó kan tó ń ta ẹja létí omi ní Seyda Neen, abúlé tí ọkọ̀ ojú omi máa ń já gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ gémù náà sí. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kó tó kú, ó fi àpótí kékeré kan pamọ́ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní ìlú Balmora. Opó yìí á fún ẹni tó ń gbá gémù ní lẹ́tà, onítọ̀hún á gbé e dé Balmora, àbúrò ọkọ á ṣe agídí díẹ̀, á gbé àpótí kalẹ̀, àpótí á padà délé, opó á sì ṣí i. Ó tán. Orúkọ tó ń jẹ́ nínú fáìlì ni iya_eleja. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo dá fún ara mi. Oṣù mẹ́ta ló gbà, ibi tí oṣù mẹ́ta ọ̀hún sì gbà lọ ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí.

Irinṣẹ́

Morrowind jáde ní 2002 láti ọwọ́ Bethesda, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi irinṣẹ́ ìkọ́lé kan tó ń jẹ́ Construction Set sínú páálí kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ṣì ń kọ́ ilé mọ́ ilé nínú gémù yẹn títí dòní. Orí Windows ni Construction Set ti ń ṣiṣẹ́, èmi ò sì lo Windows. OpenMW ni mo ń lò, ẹ́ńjìnnì ọ̀fẹ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2008, tó ń gbé Morrowind rìn lórí Linux, tó sì ní irinṣẹ́ ìkọ́lé tirẹ̀, OpenMW-CS. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ra gémù fúnra yín o. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Láàpútọ̀ọ̀pù mi, tòkunbọ̀ ni, bátìrì rẹ̀ kì í tó ogójì ìṣẹ́jú bí iná bá lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìdí tí mo fi yan Morrowind ni pé kì í di èèyàn lọ́wọ́ mú. Bí ẹ bá pa ẹni tí ìtàn gémù náà dúró lé lórí, ó kú nìyẹn. Àkọlé kan á kàn yọ lójú ẹ̀rọ pé okùn àsọtẹ́lẹ̀ ti já: kí ẹ padà sí ibi tí ẹ tọ́jú gémù dé, tàbí kí ẹ máa bá ayé tí ẹ fọwọ́ ara yín bàjẹ́ lọ. Nígbà tí Oblivion, gémù tó tẹ̀ lé e, dé ní 2006, wọ́n ti yí i padà. Ẹni pàtàkì á ṣubú, á dákú, á tún dìde, á máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni tó kọsẹ̀ lásán. Mo ti gbá méjèèjì. Ìkejì ò bí mi nínú, ṣùgbọ́n kò sígbà tí mo rí ẹni tó dìde bẹ́ẹ̀ tí kì í ṣe mí bíi pé ẹnì kan ti jókòó níbì kan pinnu fún mi.

Ẹ̀dà kìíní

Nọ́ńbà ni iṣẹ́ inú Morrowind fi ń rìn, nínú ìwé ìrántí tí ẹni tó ń gbá gémù ń gbé kiri. Mo to tèmi báyìí: 10, lẹ́tà dé ọwọ́, 20, ó rí àbúrò ọkọ, 30, àbúrò ọkọ kọ̀, 40, àpótí dé ọwọ́, 100, àpótí délé. Nọ́ńbà ni mo so ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́. Àfi tó bá ti di 10, àbúrò ọkọ ò mọ nǹkan kan nípa àpótí. Mo gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń lọ geere. Inú mi dùn débi pé mo jáde lọ ra súyà.

Tí mo bá wo ẹ̀yìn báyìí, àlọ́ ni mò ń pa lọ́jọ́ náà. Èmi ni mò ń dá orin, ẹni tó ń gbá gémù kàn ń gbè é ni.

Ọjọ́ Àìkú tí àbúrò mi dé

Àbúrò mi obìnrin dé láti ilé-ìwé. Mo gbé ẹ̀rọ fún un, mo jókòó tì í, mo sì pinnu pé mi ò ní la ẹnu. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wọ ilé opó mi, kò kí i. Ó rí ẹja lórí tábìlì, ó mú un. Opó pariwo olè. Ó yọ idà.

“Bọ̀dá mi, obìnrin yín yìí ti kú o.”

“Kí ló dé tó o pa á?”

“Ó ń pariwo lé mi lórí. Ẹ ò sì sọ pé n má pa á.”

Lóòótọ́, mi ò sọ. Ohun tó dùn mí ni ìwé ìrántí tó ṣí lójú ẹ̀rọ: opó ti kú, ta ni n ó wá gbé àpótí yìí fún? Àpótí wo? Ọmọ yìí kò tíì gbọ́ orúkọ àpótí kankan. Mo sì mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá, torí mo ti rò ó ṣáájú pé ẹnì kan lè pa opó, mo ti kọ script yìí, ìyẹn àwọn àṣẹ kéékèèké tí gémù máa tẹ̀ lé, mọ́ ọn lára:

```
Begin tw_iya_script
if ( OnDeath == 1 )
    if ( GetJournalIndex "TW_Apoti" < 100 )
        Journal "TW_Apoti" 90
    endif
endif
End
```

OnDeath máa ń di 1 lẹ́ẹ̀kan péré, ní kété tí ẹni náà bá kú. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló tàn mí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni “bí iṣẹ́ ò bá tíì parí”. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ náà ò tíì parí: nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, 0 sì kéré sí 100. Ó yẹ kí n fi kún un pé kó ju 0 lọ. Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi “àti” so méjèèjì pọ̀ lórí ìlà kan. Èdè script Morrowind kò mọ “àti”, kò mọ “tàbí”. If nínú if ni, bí yàrá inú yàrá, kí ẹ tó dé èyí tó kẹ́yìn ẹ ti gbàgbé ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò mi padà sí ibi tó tọ́jú gémù dé. Lọ́tẹ̀ yìí kò dé ilé opó rárá. Ó gun silt strider, kòkòrò gàgàrà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń wọ̀ bí ọkọ̀ èrò níbẹ̀, ó balẹ̀ sí Balmora, ó ń já ilé kiri bí ẹni tó ń wá yàrá tó máa háyà. Ó já ilé àbúrò ọkọ. Ó rí àpótí, ó gbé e. Nígbà tó padà dé Seyda Neen, ó yà sọ́dọ̀ opó, opó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun gbé lẹ́tà lọ sí Balmora, torí àpótí ọkọ òun wà níbẹ̀. Àpótí ọ̀hún wà nínú àpò rẹ̀ níbi tó dúró sí.

“Mo ti gbé e wá náà. Ṣé kò rí i ni?”

Kò rí i. Mi ò kọ ojú mọ́ ọn.

Àbúrò mi bá kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Arrille, ó ta àpótí náà, ó fi owó rẹ̀ ra bàtà.

Ọ̀sẹ̀ tí mi ò fọwọ́ kan fáìlì

Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà: kí n sọ opó di ẹni tí idà kì í pa, kí n ti ilẹ̀kùn àbúrò ọkọ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí èmi nìkan ń fúnni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Dípò bẹ́ẹ̀ mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbá àwọn gémù àtijọ́, mo ń wo bí àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ṣe yọ ara wọn.

Baldur's Gate II ni mo kọ́kọ́ ṣí, iṣẹ́ BioWare ní Edmonton, Kánádà, ní 2000. Inú àhámọ́ lẹ ti máa jáde, ọ̀nà kan tóóró ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á jù yín sáàárín ìlú Athkatla, wọ́n á ní tí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n gbé lọ, ẹ lọ wá 20,000 owó wúrà. Bí ẹ ṣe máa rí i, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Gbogbo ìlú àti ìgbèríko di tiyín nìyẹn, títí ẹ ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi tí ọ̀nà á tún fi há. Owó yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò bìkítà bóyá dírágónì lẹ pa tàbí ilé ẹnì kan lẹ bá a gbà padà. Iye owó ọwọ́ yín nìkan ló ń wò. Ìbéèrè tirẹ̀ rọrùn ju tèmi lọ.

New Vegas ti Obsidian, 2010, tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí àgbàlagbà tí ẹ ò lè pa níbẹ̀, títí kan àwọn olórí tó ń jà sí ìlú náà. Ṣùgbọ́n ìtàn gbọ́dọ̀ níbi tó máa parí sí, nítorí náà wọ́n ṣe róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Yes Man. Bí ẹ bá fọ́ ọ, á gba inú ara róbọ́ọ̀tì mìíràn padà wá bá yín, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì ní dín. Òun náà kò ṣe é pa, àbí? Ó yàtọ̀ sí ti Oblivion. Ìdí tí kò fi kú wà nínú ìtàn fúnra rẹ̀, ẹ̀yin náà sì máa rẹ́rìn-ín.

Mo tún ṣí Daggerfall fún wákàtí méjì, gémù 1996 láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe Morrowind, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ to ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlú sí. Ẹ lè rìn títí ẹsẹ̀ yín á fi bó. Ibi tẹ́ ẹ dé jọ ibi tẹ́ ẹ ti kúrò. Mo ti í pa.

Èyí tó là mí lójú jù wà nínú Morrowind fúnra rẹ̀, kò sì jìnnà sílé opó mi. Bí ẹ bá jáde ní Seyda Neen, tí ẹ gba ọ̀nà lọ, ẹ máa gbọ́ igbe lókè. Oṣó kan á já bọ́ láti ojú ọ̀run, á kú fin-ín-fin-ín síwájú yín. Tarhiel lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá tú àpò rẹ̀, ẹ máa rí ìwé ajẹmọ́-fífò mẹ́ta. Ẹ ka ọ̀kan, agbára ìfòsókè yín á fi 1,000 lé sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 7. Ẹ fò. Ẹ gba orí òkè kọjá, ẹ gba orí odò kọjá, ayé kéré nísàlẹ̀, inú yín ń dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa rántí bí ẹni tó ni ìwé náà ṣe kú.

Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ti gbá gémù yìí ló ń sọ ọ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Script ni. Ibì kan náà ló ń já bọ́ sí fún gbogbo ayé, igbe kan náà ló ń ké. Ṣùgbọ́n bí òkú rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, iṣẹ́ script parí. Ìwé mẹ́ta yẹn di tiyín. Kò sí nọ́ńbà tó ń dúró de ohun tí ẹ máa fi ṣe.

Ẹ̀dà kejì

Mo pa gbogbo àtòpọ̀ nọ́ńbà mi rẹ́, mo mú bírò àti ìwé. Mi ò béèrè mọ́ pé ìpele wo ló dé. Mo kọ àwọn ohun tó lè jẹ́ òótọ́ nínú ayé yẹn sílẹ̀: opó wà láàyè, tàbí ó ti kú. Àbúrò ọkọ wà láàyè, tàbí ó ti kú. Lẹ́tà ti dé ọwọ́, tàbí kò tíì dé. Àpótí wà níbi tó wà, tàbí ó wà nínú àpò, tàbí ó ti dé ọ̀dọ̀ opó, tàbí wọ́n ti tà á. Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì lọ́nà mẹ́rin. Ó jẹ́ 32. Mo pa iná, mo lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò nílò ọ̀rọ̀. Bí opó àti àbúrò ọkọ bá ti kú tán, ta ló kù tó máa sọ̀rọ̀? Àpótí di àpótí lásán, ẹ lè fi kó alùbọ́sà sí. Mọ́kànlá ló ṣẹ́kù tó nílò ìdáhùn.

Ohun kan wà tó máa ń kó bá ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu fún Morrowind. Ẹ́ńjìnnì máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò láti òkè wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ohun tó wà nílẹ̀ mu ni ẹni náà máa sọ, kò ní wo ìyókù. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtó jù ló gbọ́dọ̀ wà lókè. Mo to ó sódì. Odindi ìrọ̀lẹ́ kan ni opó mi fi ń pe ẹni tó gbé àpótí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó wá ra ẹja.

Mẹ́ta nínú mọ́kànlá náà ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá gbé àpótí dé láìrán yín níṣẹ́, opó á ní, “Mi ò tíì rán yín. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé tèmi ni?” Ẹ lè jẹ́wọ́ pé ẹ jí i ni. Á gbà á, ṣùgbọ́n kò ní ṣí i títí ẹ ó fi jáde. Bí ẹ bá ti pa àbúrò ọkọ, á béèrè àlàáfíà rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sì lè parọ́. Bí ẹ bá ti ta àpótí, kò ní bínú. Á béèrè iye tí wọ́n rà á.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Wọn ò sọ ẹni tó ń roko àwọn ọ̀nà náà. Nígbà tí iṣẹ́ yìí jẹ́ ọ̀nà kan, ogójì ìlà script ló jẹ. Nígbà tó di ọ̀nà púpọ̀, ó ju igba lọ. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ ẹni tó ń sọ pé gémù tó dáa ni èyí tí kò ní script, tó kàn fi ayé sílẹ̀ fún èèyàn, mo máa ń wo ìka ọwọ́ mi. Gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nílé opó yẹn, èmi ni mo kan án.

Ọ̀rọ̀ àmì ìsàlẹ̀

Mo fẹ́ kí opó máa sọ Yorùbá. Ó já sí ọ̀fìn. Fáìlì Morrowind ń lo àkójọ lẹ́tà Windows-1252, tó ní à, á, è, é àti ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ, ọ, tàbí ṣ. “Ọkọ mi ti kú” á wá di “oko mi ti kú”. Opó tó ń ṣọ̀fọ̀ oko! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Yorùbá tì, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bí mo ṣe rí “olówó orí mi” nìyẹn. Ó wọlé wẹ́rẹ́, lẹ́tà kan ò sọnù. Nísinsìnyí ohun tí opó kọ́kọ́ máa ń sọ ni “Níbo ni àpótí olówó orí mi wà?” Ó sì dùn létí ju èyí tí mo fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Iná lọ lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń tọ́jú fáìlì lọ́wọ́, bátìrì náà sì dákẹ́. Nígbà tí iná dé, fáìlì jẹ́ 0. Ẹ̀dà ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló wà lórí flash mi. Mo ti ń lo git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà fáìlì, láti ọjọ́ náà, ẹ má bi mí ní nǹkan mìíràn nípa rẹ̀.

Ṣíṣí àpótí

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti pinnu pé ibì kan wà tí mi ò ní fún ẹnikẹ́ni lómìnira: ibi tí opó ti ń ṣí àpótí. Àwọn ará Morrowind ò mọ ọwọ́ lò, nítorí náà ọgbọ́n ni mo fi ṣe é. Opó á rìn dé ìdí tábìlì, àpótí tó padé á pòórá, èyí tó ṣí á yọ sí ojú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà dà á rú, mo fi DisablePlayerControls dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Mo pe àbúrò mi. Kò tíì dé ìdajì tó ti mú fóònù rẹ̀.

“Ẹ ti so mí mọ́lẹ̀, kí ni kí n máa wò?”

Mo tú u. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Script tó wà lára ẹnì kan kì í ṣiṣẹ́ àfi níbi tí ẹni tó ń gbá gémù bá wà. Bí ó bá jáde nílé opó láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi. Ó lè lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní ìlú Vivec. Tó bá padà dé, opó ṣì dúró níwájú àpótí tó ṣí sílẹ̀, ó ku ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, kí n má parọ́. Mo gbé kíka àsìkò kúrò lára opó, mo fi StartScript gbé e sí script tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Báyìí, bí ẹ bá dúró, ẹ máa rí i. Bí ẹ bá jáde, á ṣí i láìsí yín, á pa á dé, kò sì ní bá yín sọ ọ́ mọ́.

Àbúrò mi gbá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Ó gbé àpótí fún opó, ó gba owó rẹ̀, ó jáde bí àṣà rẹ̀. Ó dé ìdí afárá, ó dúró.

“Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀?”

Mo ní kó padà lọ wò ó. Ó padà. Àpótí ti wà lórí pẹpẹ, ó ti padé. Ó bá opó sọ̀rọ̀, opó ní kó wá ra ẹja. Ó wò mí, mo wo òkè àjà. Ó ṣí ibi tó tọ́jú gémù dé, ó tún gbé àpótí wọlé, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò fọwọ́ kan kíbọọ̀dù títí tí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá fi pé.

Ohun tó kù láti tún ṣe: lẹ́yìn tí opó bá ti gbé àpótí sórí pẹpẹ, kì í rí ọ̀nà padà sídìí ẹja rẹ̀. Ó ń rìn mọ́ ògiri. Mo máa tún ojú ọ̀nà tó ń rìn fà lọ́sẹ̀ yìí, bí iná bá gbà.